Òrófó inú dúróà: bí mo ṣe rí GBIF lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí mo fi wá ẹyẹ kan ṣoṣo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń rí àwọn àkọsílẹ̀ ẹyẹ àtijọ́ tí mo máa ń sọ, ó yá, mo ti jókòó, ẹ jẹ́ n rò ó tán lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo wa sinmi. GBIF ni. Global Biodiversity Information Facility ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, wẹ́bsáìtì tó kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ, ẹranko àti ewéko jọ láti àwọn mùsíọ́mù àti lọ́dọ̀ àwọn èèyàn káàkiri ayé ni, ọdún 2001 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ́fíìsì wọn wà ní Copenhagen ní Denmark, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ló ń dáwó tí wọ́n fi ń gbé e dúró, torí náà ọ̀fẹ́ ni fún èmi àti ẹ̀yin. Ọ̀fẹ́ gidi ni mo sọ o, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ọjọ́ méje kí wọ́n tó wá máa bèèrè káàdì lọ́wọ́ yín.

Máàkì tí mo fún un ni 4 nínú 5. Ọ̀kan tó kù yẹn, kì í ṣe GBIF ló jẹ ẹ́, àwọn mùsíọ́mù ló jẹ ẹ́, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á délẹ̀.

Ẹyẹ tí mo lọ wá ni òrófó. Ẹ mọ òrófó, àbí? Òun náà ni wọ́n ní ó bímọ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́, tí ẹnu ẹ̀ wá pa á. Mọ̀lẹ́bí ẹyẹlé àti àdàbà ni, àmọ́ ara tiẹ̀ dà bí ewé, ìyẹ́ itan ẹ̀ yẹ́lò bíi pé ó wọ ṣòkòtò, àwọ̀ àlùkò wà léjìká ẹ̀, ìdí ẹnu ẹ̀ pupa, ojú ẹ̀ wá mọ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ogún lè wà lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ dúró lábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan, àfi èso tó ń já bọ́ lù yín lórí. Treron calvus ni orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀. Calvus yẹn, apárí ló túmọ̀ sí, torí ara tó wà níhòòhò níwájú orí ẹ̀ lókè ẹnu, Temminck ará Netherlands ló fi bẹ́ẹ̀ pè é, òun náà ló kọ́kọ́ jẹ ọ̀gá mùsíọ́mù Leiden tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1820. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl lọ dé Etiópíà títí kan Gúúsù Áfíríkà ni ẹyẹ yìí wà, torí náà ẹ mọ̀ pé àkọsílẹ̀ ẹ̀ máa pọ̀.

Ó sì pọ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ti kọ́kọ́ máa ń ṣì í. Ẹ bá tẹ orúkọ ẹyẹ yẹn síbi ìwákiri, máàpù á kàn pupa yòò, ẹ̀yin á ní ha, iṣẹ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ o. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti àwọn èèyàn tó rí ẹyẹ lórí igi tí wọ́n fi fóònù kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá ti eBird tó jẹ́ pé òun ló tóbi jù nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n kó síbẹ̀. Ìyẹn náà dáa, mi ò bú u, àmọ́ kì í ṣe òun ni mò ń wá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Basis of record sí, kẹ́ ẹ tẹ Preserved specimen, nígbà náà ni máàpù á fọn, tí àwọn òrófó tó wà nínú dúróà mùsíọ́mù nìkan á ṣẹ́kù.

Fún ẹni tí ò tíì rí irú ẹ̀ rí: òrófó inú dúróà kì í dúró lórí ẹ̀ka igi bíi ti inú gíláàsì tí wọ́n máa ń fi han àwọn ọmọ iléèwé. Ńṣe ni wọ́n bó awọ tòun tìyẹ́, wọ́n pa oògùn sí i nínú (láyé àtijọ́, áséníìkì ni, torí náà ẹni tó bá ń fọwọ́ kan awọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́), wọ́n fi òwú kún un, wọ́n rán an, wọ́n wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja tàyà tòkè, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ara wọn. Wọ́n wá so lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì yẹn, ó lè má gùn ju ìka ọwọ́ yín lọ, àmọ́ òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti pa á, ọjọ́ tí wọ́n pa á, akọ tàbí abo, orúkọ ẹni tó kó o wá, nígbà míì wọ́n á kọ ọ́ pé ojú ẹ̀ búlúù, ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa, èso ọ̀pọ̀tọ́ ló wà nínú ikùn ẹ̀. Wọ́n ní láti kọ àwọ̀ ojú àti ẹsẹ̀ torí pé wọ́n máa ń ṣá lẹ́yìn ikú, tó bá di ọdún mélòó kan gbogbo ẹ̀ á di ràkọ̀ràkọ̀, ojú á sì ti di òwú. Tí lébẹ́ẹ̀lì bá já sọnù, ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan tẹ́nì kan pa níbì kan.

Ẹ rántí olè ọdún 2009 yẹn ní Tring ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin kan wọ mùsíọ́mù lóru ó kó awọ ẹyẹ 299 lọ torí ìyẹ́ wọn. Wọ́n mú un, wọ́n rí púpọ̀ gbà padà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ti já lébẹ́ẹ̀lì wọn kúrò. Kò kó òrófó o, àwọn ẹyẹ tó ń dán yinrin ló lọ kó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ka ìtàn yẹn ni mo tó mọ̀ pé awọ tí ò ní lébẹ́ẹ̀lì, bí awọ tó sọnù náà ló rí.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ṣí àkọsílẹ̀ kan lórí GBIF, ẹ má gbàgbé pé lébẹ́ẹ̀lì tí ẹlòmíì tẹ̀ lẹ ń kà. Ẹnì kan jókòó, ó wo ìkọ̀wé ọwọ́ ẹni tó ti kú lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó tẹ ohun tó rò pé ó rí. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan hàn yín. Mùsíọ́mù tó ni ín, mi ò ní dárúkọ wọn. Àkọsílẹ̀ yẹn sọ pé ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1911 ni wọ́n pa òrófó náà, akọ ni, wọ́n sì kọ ọ́ síbi àlàyé pé kóró ẹpọ̀n ẹ̀ tóbi, ìyẹn ni pé ó ti fẹ́ gùn. Mo ti kọ oṣù kọkànlá sílẹ̀ nínú ìwé mi bí àkókò ìbímọ ẹ̀ lágbègbè yẹn, mo tilẹ̀ ti ń múnú dùn. Oríire mi ni pé wọ́n ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ̀ ẹ́. Ohun tí bàbá yẹn kọ ni 3.II.11. Ẹ wo àárín yẹn dáadáa. Nọ́ńbà Róòmù ni, oṣù kejì ni, àwọn akóyẹjọ ayé ọjọ́un fẹ́ràn àtimáa fi nọ́ńbà Róòmù kọ oṣù kó má bàa dàrú mọ́ ọjọ́, kó wá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe kó má bàa dàrú ló tún dà á rú. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí II, ó kà á sí 11. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni òrófó fi kúrò lọ́jọ́ ikú ẹ̀.

Mo kọ ímeèlì sí wọn. Kò sí èsì. Mo tún kọ. Ẹ óò gbọ́ ibi tó já sí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa GBIF ni pé wọn kì í fi ohun tí mùsíọ́mù kọ́kọ́ tẹ̀ pamọ́. Nínú ojú ìwé àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí ohun tí GBIF túmọ̀ ẹ̀ sí, ẹ óò tún rí ohun tí mùsíọ́mù fi ránṣẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ń wo èkejì yẹn rárá, èmi náà ò wò ó títí ìyà fi jẹ mí. Òun ló máa sọ fún yín pé Vinago ni wọ́n kọ sára lébẹ́ẹ̀lì kì í ṣe Treron. Torí ẹyẹ yìí ti yí orúkọ padà bí onígbèsè. Vinago calva ló ń jẹ́ nígbà kan, wọ́n tún pè é ní Treron calva kí wọ́n tó ní akọ ni ọ̀rọ̀ Treron torí náà calvus ni kó máa jẹ́, àwọn kan tún ti fi kún Treron australis tó jẹ́ ti Madagáskà, wọ́n tún wá yọ ọ́ kúrò. Èyí tó wà ní São Tomé ti dá dúró lórúkọ tiẹ̀, Treron sanctithomae, èyí tó wà ní erékùṣù Pemba ní Tànsáníà náà dá dúró, Treron pembaensis, Pakenham ló kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1940. Ti Príncipe ṣì wà lábẹ́ calvus, virescens ni wọ́n ń pe ẹ̀yà yẹn. GBIF gbìyànjú láti kó orúkọ àtijọ́ wá sábẹ́ tòní, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sórí wẹ́bsáìtì mùsíọ́mù kọ̀ọ̀kan fúnra yín, ẹ tẹ gbogbo orúkọ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan o, calva lọ́tọ̀, calvus lọ́tọ̀, Vinago lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdajì ẹ̀ á wà níbẹ̀ ẹ ò ní rí i.

Tó bá tún kan ti orúkọ ìlú, ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú. Lébẹ́ẹ̀lì ò mọ̀ pé ayé ti yí. Gold Coast ló kọ, Gánà ti dé láti 1957. Upper Volta ló kọ, Burkina Faso ni láti 1984. Northern Rhodesia, Zámbíà ni. Fernando Po, Bioko ni. Kọ̀ǹpútà tí ò mọ̀tàn tó bá rí Gold Coast, ìlú kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Australia ló máa gbé òrófó yín lọ. GBIF máa ń lẹ àmì ìkìlọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tí ibi tó wà lórí máàpù ò bá orílẹ̀-èdè ẹ̀ mu, ẹ máa wo àwọn àmì yẹn, ẹ má fojú fò wọ́n. Ọ̀kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni tàwọn tó bọ́ sí òdo òdo. Ẹni tí ò mọ ibi tó máa kọ, ó á fi 0 síbi méjèèjì tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà lórí máàpù sí, ẹyẹ á wá bọ́ sínú òkun nísàlẹ̀ Gánà lọ́hùn-ún. Òrófó tó ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́, kí ló fẹ́ jẹ lórí omi?

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo àmì tó bá wà lórí ilẹ̀ náà ló tọ̀nà. Tí lébẹ́ẹ̀lì bá kọ orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan, àwọn kan á kàn gbé e sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yẹn. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ bí àṣìṣe ibẹ̀ ṣe lè tó ní mítà. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, kí ìgboyà yín dín kù.

Ọ̀rọ̀ Tring tún ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá rí lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ orúkọ Rothschild Museum, Tring sí lára, ẹ má sáré kọ̀wé sí Tring. Rothschild, olówó tó dá mùsíọ́mù Tring sílẹ̀, ta èyí tó pọ̀ jù nínú awọ ẹyẹ ẹ̀, nǹkan bí 280,000, fún mùsíọ́mù AMNH ní New York lọ́dún 1932 nígbà tówó tán lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó kú ní 1937, ilé mùsíọ́mù fúnra ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ British Museum, láàárín 1970 sí i ni wọ́n wá kó awọ ẹyẹ tiwọn láti London lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹyẹ tí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ní Tring lè wà ní New York, èyí tó wá wà ní Tring lónìí, lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ lè má dárúkọ Tring. Orí mi kọ́kọ́ dàrú, mo rò pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣeré.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohunkóhun tó bá ní orúkọ Meinertzhagen. Ọ̀gágun ni, ó fi nǹkan bí 20,000 awọ ẹyẹ ta British Museum lọ́rẹ lọ́dún 1954, lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n wá rí i pé ó jí lára wọn látinú àwọn mùsíọ́mù, ó já lébẹ́ẹ̀lì, ó wá kọ ibi tó wù ú àti ọjọ́ tó wù ú. Kì í ṣe gbogbo tiẹ̀ ló burú, wàhálà ẹ̀ nìyẹn gan-an, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ èwo ni irọ́. Èmi kì í lò ó, mo máa ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ sọ nípa ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ akóyẹjọ sí, kò kan GBIF o, ó kàn wà nínú mi ni. Orúkọ Boyd Alexander, Bates, Lang àti Chapin, ẹ óò máa rí wọn nínú àkọsílẹ̀ ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Lang àti Chapin lo ọdún mẹ́fà ní Congo, 1909 sí 1915. Wọ́n ṣiṣẹ́, ta ló fẹ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ igi tí òrófó ń bà? Ta ló gbọ́ igbe ẹ̀ tó ní ẹ dákẹ́, ó wà lókè yẹn? Lọ́pọ̀ ìgbà ọdẹ ìbílẹ̀ ni, òun ló yìnbọn, ẹlòmíì nínú wọn ló tún bó awọ ẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì á sì gbé orúkọ òyìnbó kan ṣoṣo. Inú mi ì bá dùn tí mùsíọ́mù bá lè tú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn àjò àwọn èèyàn yìí kí wọ́n fi orúkọ tó bá wà níbẹ̀ kún un. Ààyè máa wà fún un, àyè orúkọ akóyẹjọ gba ju orúkọ kan lọ.

Dáwúnlóòdù ńkọ́? Ó rọrùn. Ẹ óò ṣí àkáǹtì, ẹ óò yan irú fáìlì, wọ́n á fi ímeèlì ránṣẹ́ tó bá ti délẹ̀. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà DOI tẹ́ ẹ lè fi tọ́ka sí i kí ẹlòmíì lè rí fáìlì kan náà tẹ́ ẹ lò, ìyẹn wù mí gan-an. Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bi èmi ni. Mo kàn tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí nínú Excel. São Tomé di SÃ£o TomÃ©. Ọjọ́ tó wà ṣáájú 1900 ò tẹ̀ lé ara wọn mọ́ nígbà tí mo tò wọ́n, torí pé Excel ò ka ohunkóhun tó bá ṣáájú 1900 sí ọjọ́, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí. Ẹ fi ìmpọ́ọ̀tì wọlé, ẹ yan UTF-8 (òun ló ń jẹ́ kí lẹ́tà tó ní àmì jáde bó ṣe yẹ), ẹ jẹ́ kí gbogbo ọjọ́ jẹ́ text. Mi ò ní sọ iye wákàtí tí mo fi tún un ṣe.

VertNet náà wà, àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn nìkan ló dá lé, mùsíọ́mù Amẹ́ríkà ló pọ̀ níbẹ̀, ó yá láti fi wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú àlàyé bíi fig tàbí iris. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wà lórí GBIF tẹ́lẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo méjèèjì, ẹ yọ èyí tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì. NHM London (Natural History Museum, àwọn tó ni awọ ẹyẹ tó wà ní Tring lónìí) náà ní data portal tiwọn, mo máa ń lọ síbẹ̀ tí mo bá fẹ́ wo nǹkan kan pàtó.

Ẹ má sì jẹ́ kí òfìfo orí máàpù tàn yín. Ibi tí àmì ò bá sí, ó lè jẹ́ pé òrófó ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ó tún lè jẹ́ pé akóyẹjọ ò débẹ̀ torí kò sí odò tàbí ojú irin tó lè gbà, ó sì lè jẹ́ pé ẹyẹ wà nínú dúróà láti àádọ́rin ọdún, kò tíì sí ẹni tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Mùsíọ́mù tí ò tíì tẹ tiwọn tán pọ̀ lọ jàra, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ náà, díẹ̀ ló ya fọ́tò. Ibẹ̀ ni mo ti yọ máàkì kan yẹn. Ká ní mi ò rí fọ́tò 3.II.11 yẹn ńkọ́?

Ẹ ò gbàgbé àwọn tí mo kọ̀wé sí, àbí? Oṣù méjì ó lé, wọn ò fèsì títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún lọ ṣí àkọsílẹ̀ yẹn, mo bá i ní oṣù kejì. Kò sí ẹ ṣé, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Kò burú, òrófó ti padà sí ọjọ́ ikú ẹ̀.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀ náà ni mo ní kí n kúkú wo ti ẹyin, torí wọ́n máa ń kó ẹyin pa mọ́ bákan náà, wọ́n á kọ c/1 tàbí c/2 sára káàdì, ìyẹn ni iye tó wà nínú ìtẹ́. Mo wo gbogbo ti òrófó tí mo rí. Kò sí èyí tó kọjá c/2. Mo ṣì ń wá mẹ́fà tó ní ilé òun kún.